Rosetta Tharpe: Obìnrin Tó Gbé Gìtá Jáde Láti Inú Ṣọ́ọ̀ṣì

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n wá sọ ìtàn ọ̀kan nínú àwọn olórin tó dá rock and roll sílẹ̀. Mo mọ orúkọ tí ọ̀pọ̀ yín ń retí: Elvis Presley, Chuck Berry, Little Richard, Fats Domino. Ọ̀gá ni gbogbo wọn, n kò sì wá síbí láti bu ẹnikẹ́ni kù nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí èyíkéyìí nínú wọn tó ṣe àwo orin kan ṣoṣo jáde, obìnrin kan ti wà tó gbé gìtá kọ́rùn, tó ń ta á, tí ilé ń mì tìtì. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Sister Rosetta Tharpe ni wọ́n ń pè é, ìtàn tirẹ̀ ni mo gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè máa yẹ ọ̀rọ̀ mi wò bí mo ṣe ń bá a lọ. Rosetta ò gbà fún ẹnikẹ́ni pé kí òun yan ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ijó. Àárín méjèèjì ló ti lo ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ibẹ̀ ni agbára orin rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ìyà tó jẹ orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn tó kọ ìwé ìtàn orin fi orin ìhìnrere sí apá kan, wọ́n fi rock and roll sí apá kejì, obìnrin tó dúró sáàárín ò wá ríbi jókòó sí.

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní Cotton Plant, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ òwú ni iṣẹ́ agbègbè náà. Ọdún 1865 ni òfin fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí Rosetta fi máa délé ayé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àwọn aláwọ̀ dúdú ṣì ń já òwú lórí ilẹ̀ onílẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ sì wà lára wọn. Katie Bell Nubin ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Obìnrin yìí ń kọrin, ó ń ta mandolínì, ó sì ń wàásù. Ẹ má gbàgbé ìyá yìí o. Títí ó fi kú ní ọdún 1968, òun àti ọmọ rẹ̀ ò fi ara wọn sílẹ̀.

Ìjọ tí wọ́n ń lọ ni Church of God in Christ, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Charles Harrison Mason jẹ́ olórí rẹ̀, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Memphis. Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí bí kò bá sí ìjọ yìí, kò lè sí Rosetta tí à ń sọ yìí. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú tí ọwọ́ wọn ti ń tẹ́nu ti ń tijú ìlù àti àtẹ́wọ́. Wọ́n fẹ́ kọrin láti inú ìwé orin, kí wọ́n dúró ṣinṣin, kí ẹnikẹ́ni má bàa pè wọ́n ní ará oko. Àwọn ọmọ ìjọ Mason ò gba ìtìjú yẹn láyè. Sáàmù 150 wà lọ́wọ́ wọn. Bíbélì ní ká fi ìlù àti ijó àti ohun èlò olókùn yin Ọlọ́run, bí wọ́n ṣe kà á náà ni wọ́n ṣe é. Wọ́n gbé ìlù wọlé, wọ́n gbé fèrè wọlé, wọ́n gbé gìtá wọlé. Ẹ̀mí á gbé èèyàn, á jó, á fò sókè. Obìnrin náà lè dìde kó sọ̀rọ̀ Ọlọ́run níwájú ìjọ. Lílé àti ègbè ni orin wọn: ẹnì kan á lé e, gbogbo ilé á gbè é. Kò sí Yorùbá tó máa gbọ́ ọ tí kò ní dá a mọ̀, nítorí inú ọkọ̀ tó kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú láti etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni àṣà náà ti bá wọn dé ilẹ̀ yẹn.

Inú ariwo ayọ̀ yìí ni Rosetta ti kọ́ gìtá. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ti ń bá ìyá rẹ̀ kiri láti ìpàdé ìsọjí kan dé òmíràn. Ìyá ń wàásù, ọmọ ń kọrin, ọmọ ń ta gìtá. Àwọn obìnrin tó ń ta gìtá níta gbangba ò pọ̀ nígbà náà, ká má tiẹ̀ sọ ọmọdébìnrin. Àwọn èèyàn wá pè é ní iṣẹ́ ìyanu.

Ní àwọn ọdún 1920, ìyá àti ọmọ kó lọ sí Chicago, bí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ṣe ń sá kúrò ní gúúsù lọ sí àwọn ìlú ńlá ìhà àríwá nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n bá ní Chicago yàtọ̀ sí ti Cotton Plant. Orin blues àti jáàsì kún gbogbo àdúgbò. Ìlú náà ni Thomas Dorsey wà, ọkùnrin tó ti tẹ dùùrù fún Ma Rainey, olórin blues tí òkìkí rẹ̀ kàn. Dorsey yìí ló padà wá gbé ọgbọ́n blues wọ inú orin ìsìn, tí wọ́n fi ń pè é ní baba orin ìhìnrere. Etí Rosetta ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wà níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n etí kì í gba ìsinmi láàárín ọ̀sẹ̀.

Ní 1934, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó fẹ́ oníwàásù kan nínú ìjọ wọn, Thomas Thorpe. Ìgbéyàwó náà ò tọ́jọ́. Orúkọ ọkùnrin náà nìkan ló mú kúrò níbẹ̀, tó yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀, tí Thorpe fi di Tharpe. Ní 1938, ó kó ẹrù rẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ kọjá sí New York.

Ọdún 1938 yìí ni gbogbo nǹkan yí padà. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, ó ti ń ṣeré ní Cotton Club, gbajúmọ̀ ilé fàájì ní New York, níbi tó jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń ṣeré, tí àwọn aláwọ̀ funfun ń jókòó náwó. Ọjọ́ 31 oṣù náà ni ó wọlé lọ gba ohùn sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Decca, orin mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ni “Rock Me”. Dorsey ló ni orin náà látilẹ̀, ẹ̀bẹ̀ sí Ọlọ́run sì ni. Rosetta tún un ṣe díẹ̀, ó sì kọ ọ́ ní ọ̀nà tó jẹ́ pé ẹni tó ń mu ọtí lábẹ́ iná Cotton Club lè gbà á bí orin ìfẹ́, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ nílé gbà á bí àdúrà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, John Hammond, ẹni tó ń ṣàwárí olórin, kó àwọn olórin aláwọ̀ dúdú jọ sí gbọ̀ngàn Carnegie Hall láti fi han àwọn ará New York bí orin wọn ṣe rin ìrìn rẹ̀ láti orin ẹ̀mí dé orin ijó. Rosetta wà lára wọn. Láàárín oṣù mẹ́ta péré, ọmọ oníwàásù Arkansas ti kọrin nílé ọtí, ó ti ṣe àwo, ó sì ti dúró ní gbọ̀ngàn tí ọ̀tọ̀kùlú fi ń yangàn.

Àwọn ará ìjọ gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ò sì dùn mọ́ wọn. Mi ò fẹ́ ká fi ìwà òpè bá wọn wí. Àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn tí wọ́n ti fi ẹ̀kún wá Ọlọ́run nínú oko òwú ni. Orin náà ni ohun ìní tó kù sí wọn lọ́wọ́ tí ẹlòmíràn ò tíì gbà. Wọ́n wá rí ọmọ wọn tó gbé e lọ sí ibi tí wọn kò ní jẹ́ kí àwọn fúnra wọn jókòó sí. Ó dùn wọ́n, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Ohun tí èmi ò fara mọ́ ni èrò pé Rosetta ta ìgbàgbọ́ rẹ̀. Obìnrin náà gbà pé ibi tí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá wà ni ó yẹ kí orin Ọlọ́run wà. Títí ó fi kú, kò dẹ́kun kíkọ orin Ọlọ́run, kò sì dẹ́kun lílọ sí ibi tó bá wù ú láti kọ ọ́.

Lóòótọ́, nígbà mìíràn ó kọjá ààlà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ó wà nínú ẹgbẹ́ Lucky Millinder, ẹgbẹ́ ńlá tó kún fún fèrè, ó sì bá wọn kọ “Tall Skinny Papa”, orin tí kò ní Ọlọ́run nínú rárá. Orin náà bí àwọn ọmọ ìjọ nínú ju Cotton Club lọ. Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohùn náà ohùn ìsọjí ni. Ọ̀rọ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsọjí. Ẹgbẹ́ Millinder yìí kan náà, ní 1941, ni gìtá oníná ti bọ́ sí i lọ́wọ́, gìtá oníná yẹn ló sì bá a dé gbogbo ibi tó kù.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ wò ó. Ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, ẹ̀yìn ni gìtá ń wà nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbá okùn pọ̀ lójú kan náà, kí ìlù àti fèrè lè rí ilẹ̀ dúró sí. Rosetta ò lò ó bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ìka já okùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kọ gbólóhùn kan tán, tó fẹ́ mí, gìtá á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, á fèsì, nígbà mìíràn á tiẹ̀ bá a jiyàn. Á ti okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ohùn náà lè yọ́ gòkè, kó dún bí igbe ẹni tí Ẹ̀mí bà lé. Lílé àti ègbè tó gbọ́ láti kékeré ni: ẹnu rẹ̀ ló ń lé, okùn mẹ́fà ló ń gbè. Nígbà tó sì ti jẹ́ pé gìtá oníná ló ń lò, ìjọ olókùn mẹ́fà yìí ń dún ju ènìyàn ogún lọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ olórin rock kan rí tó dákẹ́ ẹnu, tó tẹ̀ síwájú, tó ń ta gìtá nìkan tí èrò ń pariwo, ohun tí Rosetta ń ṣe ní àwọn ọdún 1940 ló gbọ́ yẹn.

Àwọn tó ń yìn ín nígbà náà a máa sọ pé ó ń ta gìtá bí ọkùnrin. Wọ́n rò pé oríyìn ni. Èmi ò kà á sí oríyìn. Ta ni ọkùnrin náà tó ń ta á bẹ́ẹ̀ ní 1944?

Ọdún 1944 yẹn ni mo fẹ́ dé. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì ń gbọ́ ohùn Rosetta lórí àwo tí ìjọba ń ṣe ránṣẹ́ sí wọn lójú ogun. Ó pa dà sọ́dọ̀ Decca, ó sì gba orin kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ “Strange Things Happening Every Day”. Kò sí ẹgbẹ́ ńlá níbẹ̀ mọ́. Òun àti gìtá oníná rẹ̀, Sammy Price nídìí dùùrù, àwọn díẹ̀ nídìí ìlù àti báàsì, ó tán. Orin ẹ̀sìn ni, ó ń bá àwọn tó ń fi ẹ̀sìn ṣe ojú ayé wí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ orin náà! Dùùrù ń yí bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, gìtá ń fò lé e lórí, ọ̀rọ̀ ń já lẹ́nu obìnrin náà kíákíá bí ẹni tí ọjà ń dúró dè. Ní 1945, orin náà gòkè dé ipò kejì lórí àtẹ tí ìwé ìròyìn Billboard yà sọ́tọ̀ fún orin àwọn aláwọ̀ dúdú. Orin ìhìnrere kan kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

Ẹ wá fi ọdún wé ọdún. Àwọn tó ń kọ ìtàn rock and roll sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1951, nígbà tí orin “Rocket 88” jáde, tàbí láti oṣù Keje 1954, nígbà tí Elvis Presley kọ “That's All Right” ní ilé-iṣẹ́ Sun ní Memphis. Elvis kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí Rosetta gba orin tirẹ̀ sílẹ̀. Mi ò ní òun nìkan ló dá a sílẹ̀ o. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ló sì wọ ọjà yìí. Ṣùgbọ́n ìtàn tí kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti fo ojú ewé kan.

Omi tó dà síwájú, àwọn mìíràn ló tẹ ilẹ̀ tútù rẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́wọ́. Ní oṣù Kẹwàá 1947, ó lọ ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú Macon, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ọmọdékùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ń ta Coca-Cola nínú gbọ̀ngàn náà. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ń kọ orin Rosetta, Rosetta gbọ́ ọ, ó pè é. Nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, ó fà á gorí pèpéle, ó ní kó bá òun kọrin níwájú gbogbo èrò, lẹ́yìn eré ó sì san owó fún un. Richard Penniman ni ọmọ náà, ẹni tí ayé padà mọ̀ sí Little Richard. Títí dọjọ́ alẹ́ ló ń sọ pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ló mú òun di olórin. Johnny Cash náà, lọ́jọ́ tí wọ́n fi oyè Rock and Roll Hall of Fame dá a lọ́lá ní 1992, dárúkọ Rosetta láàárín àwọn tí òun fẹ́ràn láti kékeré. Arkansas ni Cash ti wá, nínú oko òwú bíi tirẹ̀, ẹ̀rọ rédíò ló sì fi ń gbọ́ orin.

Àárín àwọn ọdún 1940 yìí náà ni ó pàdé Marie Knight, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ó gbọ́ ọ níbi tó ti ń kọrin ní New York, ó sì ní kó máa bọ̀. Àwọn méjèèjì jọ rìn káàkiri Amẹ́ríkà fún ọdún bíi mélòó kan, obìnrin méjì péré, láìsí ọkùnrin kan tó ń darí wọn. Wọ́n jọ kọ “Up Above My Head”, tí ohùn kan ń lé tí ohùn kejì ń gbè. Ìrìn náà ò rọrùn. Òfin gúúsù ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun: gbajúmọ̀ olórin tó kún gbọ̀ngàn lálẹ́ kò lè wọ ilé oúnjẹ ní ìlú kan náà láti jẹun, kò sì lè gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì. Inú bọ́ọ̀sì ni Rosetta ń sùn sí nígbà mìíràn. Nígbà tí àwọn Jordanaires, ẹgbẹ́ akọrin aláwọ̀ funfun tó padà wá ń gbè fún Elvis, ń bá a ṣeré kiri, àwọn ló ń wọlé lọ ra oúnjẹ wá fún un. Mo bẹ̀ yín, ẹ ro ìyẹn wò dáadáa kí ẹ tó gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀ lórí àwo. Ẹ̀rín náà kì í ṣe ti ẹni tí ayé rọ̀ ṣọ̀mù fún.

Rosetta fẹ́ràn ayẹyẹ, àfi kí n sọ èyí fún yín. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 1951, ó ṣe ìgbéyàwó rẹ̀ kẹta ní pápá ìṣeré Griffith Stadium ní Washington, níbi tí wọ́n ti ń gbá baseball. Wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì. Èèyàn tó lé ní ẹgbàá mẹ́wàá wá. Russell Morrison ni ọkọ ìyàwó, ẹni tó wá di alábòójútó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó sún mọ́ ọn sọ pé ó ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ayẹyẹ náà kó tó mọ ẹni tó máa fẹ́. Lẹ́yìn tí oníwàásù so wọ́n pọ̀ tán, ìyàwó ò bọ́ aṣọ ìgbéyàwó o. Ó gbé gìtá kọ́rùn lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ eré, iná aláràbarà sì ń bú lójú ọ̀run. Decca gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì tà á bí àwo. Àwọn kan máa ń fi ìtàn yìí ṣẹ̀fẹ̀. Èmi rí ohun mìíràn níbẹ̀: ní 1951, kí àwọn olórin rock tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò jọ sí pápá ìṣeré, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ti ṣe é pẹ̀lú gìtá oníná lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Mahalia Jackson ti dé, ohùn ńlá tí kò jẹ́ wọ ilé ọtí láéláé, ọkàn àwọn ọmọ ìjọ sì balẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀ ju ti Rosetta lọ. Ní 1953, Rosetta àti Marie Knight gbìyànjú orin blues pọ́ńbélé lórí àwo. Àwọn onígbàgbọ́ bínú, àwọn onífàájì ò sì rà á. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá gba ayé kan ní 1955 àti 1956 pẹ̀lú irú gìtá tó ti ń ta tipẹ́, Rosetta ti lé ní ogójì ọdún, kò sì sí ẹni tó pè é pé kó wá gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Ilẹ̀ Yúróòpù ló pè é. Ní 1957, Chris Barber, olórin jáàsì ará Ìlú Ọba, mú un wá sí Britain, ó sì rí i pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń fetí sí òun bí ẹni ń fetí sí olùkọ́. Ó padà lọ léraléra. Èyí tí ayé rántí jù ni ti ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 1964, ní Manchester.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Granada ló ṣètò rẹ̀. Wọ́n lo ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan tí wọ́n ti pa tì ní Wilbraham Road, wọ́n kó àpótí igi àti ẹran ọ̀sìn síbẹ̀ kó lè jọ ibùdó ọkọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ojú tí àjèjì fi ń wo ìlú onílùú ló hàn nínú ìṣe ọ̀ṣọ́ yẹn, kò sì dùn mọ́ mi nínú rárá. Ọkọ̀ ojú irin ló kó àwọn ọ̀dọ́ wá láti àárín ìlú. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú irin wà láàárín, àwọn olórin wà ní òdìkejì. Muddy Waters wà níbẹ̀, àti Sonny Terry òun Brownie McGhee. Òjò sì ń rọ̀. Rosetta fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wọlé, ó wọ kóòtù àti bàtà gogoro, olórin kan mú un lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ kó má bàa yọ̀. Ó kọjá lórí ilẹ̀ tútù náà, ó gbé gìtá Gibson funfun rẹ̀ kọ́rùn. Nígbà tó rí òjò, ó pa orin tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ tì, ó sì mú “Didn't It Rain”, orin ìkún omi ayé Nóà. Ó kọ ọ́ títí ó fi dé ibi tí ẹnu dákẹ́. Ó dúró, ó fẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, gìtá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Ọmọ ọdún 49 ni nígbà náà. Fíìmù náà ṣì wà, ẹnikẹ́ni nínú yín lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí. Ẹ máa wo ojú àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun wọ̀nyẹn ní òdìkejì ojú irin, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tí àtẹ́wọ́ wọn ò bá ìlù mu dáadáa. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn Beatles gba Amẹ́ríkà kan. Ohun tí Amẹ́ríkà ń sáré rà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ìlú Ọba, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín látilẹ̀ wà nínú òjò ní Manchester, ó ń ṣe é fún àwọn tó ní etí.

Ìyá rẹ̀ kú ní 1968, ọ̀fọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ní 1970, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Àtọ̀gbẹ sì mú kí àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Kò yé kọrin. Wọ́n ti ṣètò pé kó wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1973, ó ku ọ̀la nígbà tí àrùn náà tún padà dé. Ọjọ́ 9 oṣù náà ló kú ní Philadelphia, ọmọ ọdún 58. Wọ́n sin ín sí ibi ìsìnkú Northwood ní ìlú náà, kò sì sí òkúta kankan lórí ibojì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn èèyàn tó fi eré kan kówó jọ láti fi òkúta sí i.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ilé oyè. Ní 1986, àwọn tó dá Rock and Roll Hall of Fame sílẹ̀ yan àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ dá lọ́lá. Olórin mẹ́wàá ni wọ́n fi sípò àkọ́kọ́, wọ́n tún mú mẹ́ta mìíràn tí wọ́n pè ní aṣáájú tó kọ́ àwọn yòókù. Gbogbo àwọn mẹ́tàlá náà, ọkùnrin ni wọ́n. Little Richard wà níbẹ̀, ẹni tí Rosetta san owó orin àkọ́kọ́ fún. John Hammond náà gba oyè lọ́dún yẹn, ẹni tó mú Rosetta gorí pèpéle Carnegie Hall. Ẹni tó pè é wá, ẹni tí òun náà pè wá, àwọn méjèèjì ti wọlé. Ọdún 2018 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tiwọn, ọdún márùndínláàádọ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ó dáa bó tiẹ̀ pẹ́. Mi ò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé náà wà, àwo náà wà, àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wà láàyè nígbà náà, wọ́n sì ń dárúkọ rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ orin ọ̀dọ́ ọlọ̀tẹ̀, kò sí ẹni tó ronú láti wo ibi tí ìyá oníwàásù kan ti ń jókòó.

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ti múra sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́ orin 1944 náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ fetí sí dùùrù Sammy Price lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Rosetta bá dákẹ́ láàárín orin, tí gìtá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, mo wà níbí fún ìbéèrè yín.